Kíìtì tí ẹ máa fi yẹ omi púùlù ilé yín wò: bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án àti bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń ká mi lára jù. Omi púùlù lè mọ́ gaara, kí abẹ́rẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa rí i kedere, síbẹ̀ kí kílóríìnì má sí nínú omi yẹn rárá. Ojú ò lè rí àwọn kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Imú náà ò ṣeé gbára lé, torí òórùn tí gbogbo wa ń pè ní òórùn kílóríìnì yẹn, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ tẹ́ ẹ máa ń ní há, wọ́n ti da kílóríìnì jù síbí, kì í ṣe kílóríìnì tó pọ̀ jù ló ń rùn, èyí tó ti jà tó ti rẹ̀ ni, tó ti so mọ́ òógùn àti ìtọ̀ àwọn tó wẹ̀ níbẹ̀. Púùlù tí kílóríìnì rẹ̀ pé dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ púùlù sílé pé kíìtì ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra kẹ́míkà kankan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá nínú omi

Nǹkan márùn-ún ni, àmọ́ méjì ló ṣe pàtàkì lójoojúmọ́: kílóríìnì àti pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì ṣe wà nínú omi tó.

Kílóríìnì yẹn, ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa rí lára kíìtì ni ppm, ó kàn túmọ̀ sí mílígíráàmù kan nínú lítà omi kan. Èyí tó ṣì lágbára láti pa kòkòrò, tí wọ́n máa ń kọ Free Chlorine sí lára páálí, ó yẹ kó wà láàárín 1 sí 3 ppm. Tí stabilizer, ìyẹn kẹ́míkà tó ń dáàbò bo kílóríìnì, bá wà nínú omi yín, ẹ má jẹ́ kí kílóríìnì yẹn wálẹ̀ ju 2 lọ.

pH ní tiẹ̀, 7.2 sí 7.8 ló dáa, èmi máa ń fẹ́ kí tèmi wà ní 7.4 sí 7.6. Ẹ má fojú kékeré wo pH yìí o, torí òun ló ń sọ bóyá kílóríìnì tẹ́ ẹ fowó rà máa ṣiṣẹ́ àbí ó kàn máa jókòó sínú omi. Tí pH bá jẹ́ 7.2, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kílóríìnì yẹn ló wà ní ìmúrasílẹ̀ láti pa kòkòrò, tó bá di 7.5 á ku bí ìdajì, tó bá gun 8.0 á ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Kílóríìnì kan náà, omi kan náà, ẹ wo bó ṣe yàtọ̀ tó.

Àwọn mẹ́ta yòókù ni alkalinity, 80 sí 120 ppm, òun ló ń di pH mú kó má máa fò sókè fò sódò. Kálísíọ̀mù, 200 sí 400 ppm, pàápàá tó bá jẹ́ pé kankéré ni púùlù yín, torí omi tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré máa ń jẹ ara kankéré. Àti stabilizer, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ cyanuric acid, 30 sí 50 ppm. Iṣẹ́ stabilizer ni kó bá kílóríìnì dènà oòrùn. Omi tí kò ní i rárá, wákàtí méjì lábẹ́ oòrùn gangan ti tó kí èyí tó pọ̀ jù nínú kílóríìnì rẹ̀ fò lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan kíìtì

Ibí yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ẹ fara balẹ̀ ká jọ gbọ́ ọ.

Àkọ́kọ́ ni pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa rì bọ omi, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí, ẹ ó wá fi wé àwòrán tó wà lára ike rẹ̀. Ó yá, kò ní wàhálà, ọmọdé gan-an lè ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni pé àlàfo tó wà láàárín àwọ̀ kan sí èkejì máa ń fẹ̀ jù, ó lè fo láti 1 sí 3, láti 3 sí 5, ẹ̀yin wá dúró síbẹ̀ ẹ ń rò ó bóyá píìnkì yìí lẹ rí àbí tọ̀ún. Mo ní i nílé, mo máa ń lò ó tí mo bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan wà nínú omi àbí kò sí, mi ò jẹ́ gbé e lé ọwọ́ tí mo bá fẹ́ da kẹ́míkà.

Ìkejì ni èyí tó ní túùbù méjì, wọ́n á kán oògùn kan sí ọ̀kan á di yẹ́lò, wọ́n á kán òmíràn sí èkejì á di pupa. Èyí tó ń di pupa, pH ni, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tó ń di yẹ́lò yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. OTO ni wọ́n ń pè é, àpapọ̀ kílóríìnì ló ń kà, èyí tó lágbára àti èyí tó ti rẹ̀, ó ń kó gbogbo wọn pọ̀ ṣe ọ̀kan. Òun ni mo kọ́kọ́ lò. Yẹ́lò rẹ̀ ń dán dáadáa, omi mọ́, ọkàn mi balẹ̀, àwọn ọmọ wá ń jáde nínú omi tójú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ara ń yún wọn. Mo ní kílóríìnì ló pọ̀ jù, mo bá dáwọ́ dúró mi ò da kankan sí i mọ́, kó tó tó ọjọ́ mẹ́ta ara ògiri púùlù ti ń yọ̀, omi ti ń di àwọ̀ ewé. Àṣé èyí tó ti rẹ̀ ló kún inú omi, èyí tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ti tán pátápátá. Bí mo ṣe ń rò ó títí dòní ni pé àwọn ọmọ yẹn ló jìyà àìmọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ìkẹta ni DPD, òun ló ń di píìnkì. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Palin ló mú un jáde ní 1957, ohun tó sì fi dáa ju OTO lọ ni pé ó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí oògùn olómi tí wọ́n kọ DPD 1 sí á fi èyí tó lágbára hàn yín, ẹ ó wá fi DPD 3 kún inú omi kan náà, á fi àpapọ̀ hàn. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, èyí tó ṣẹ́kù ni kílóríìnì tó ti rẹ̀. Tí kíìtì kan ò bá lè ṣe ìyọkúrò yìí fún yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkẹrin, tí èmi gan-an fẹ́ràn jù, ni FAS-DPD. Ẹ ó da páúdà sínú omi, omi á di píìnkì, ẹ ó wá máa kán oògùn mìíràn sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa kà á, títí omi á fi padà di aláìláwọ̀ bí omi mímu. Kò sí pé ẹ ń fi píìnkì wé píìnkì, àwọ̀ wà àbí àwọ̀ lọ, ó tán. Ẹni tójú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ dáadáa, èyí ni kó rà, torí ó rọrùn jù fún un.

Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ ka àwọ̀ náà wà, wọ́n ń pè é ní photometer. Ó dáa tẹ́ ẹ bá lè tọ́jú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ìka yín ti ta epo sára gíláàsì ẹ̀, á kàn fún yín ní nọ́ńbà tó dà bí òótọ́ ni. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yìí àti èyí tí wọ́n ṣe fún kíìtì olójú lásán kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ wo ara pákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa.

Tó bá jẹ́ èmi ni kí n yàn fún yín: ẹ ra kíìtì kan tó ní FAS-DPD, pH, alkalinity, kálísíọ̀mù àti stabilizer nínú àpótí kan, kẹ́ ẹ fi ike pépà kan tì í fún ọjọ́ tí kò bá sí àyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ ṣe kílóríìnì, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín o, kílóríìnì kan náà ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, àyẹ̀wò kan náà lẹ máa ṣe, ẹ kàn máa fi ti iyọ̀ kún un ni.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo déètì tó wà lára ìgò oògùn kọ̀ọ̀kan. Kíìtì tuntun tí oògùn inú ẹ̀ ti gbó kò yàtọ̀ sí kíìtì àlòkù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bu omi bó ṣe yẹ

Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí omi ti pò pọ̀. Ẹ má bu omi lójú ibi tí omi ti ń tú wọlé, ẹ má bù ú lórí, torí omi òkè ni oòrùn ń bá jà. Ẹ dojú túùbù tàbí ike náà délẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi títí dé ìgúnwọ́ yín, bíi 45 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wá yí i sókè níbẹ̀ kó kún. Ẹ ti fi omi púùlù yẹn ṣan túùbù náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí kílóríìnì lè wà nínú omi ẹ̀rọ náà.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi tẹ́ ẹ bù láàárọ̀ tẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì di ọ̀sán, omi míì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà

Ẹ gbé túùbù dúró ní ọ̀gangan ojú, ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ kòròkòtò, ibẹ̀ ló yẹ kó bá ìlà mu, torí tí omi bá lé díẹ̀ nọ́ńbà á yí. Ìgò oògùn náà, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ gbọnrangandan, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kán á máa kéré sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pò ó, ìdérí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dé e, ẹ má fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, òógùn àti ìpara tó wà lára awọ ara yín á wọ inú omi, á sì da àyẹ̀wò rú.

pH kò gba àkókò, ẹ kán iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ yí i po, ẹ gbé e síwájú nǹkan funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹ fi wé. Ẹ má wọ jígí dúdú.

FAS-DPD ló gba sùúrù. Ní ọ̀pọ̀ kíìtì, tẹ́ ẹ bá lo omi 10 mL, ẹ̀kán kan dúró fún 0.5 ppm, tẹ́ ẹ bá lo 25 mL, ẹ̀kán kan dúró fún 0.2, àmọ́ ìwé tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ kán ọ̀kan, ẹ yí i po, ẹ kán ọ̀kan, ẹ yí i po. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú ẹ̀. Ká ní omi 10 mL ni, tí píìnkì sì pòórá lórí ìkeje, 3.5 ppm nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ kán oògùn kẹta sínú omi kan náà. Tó bá dúró bó ṣe wà, kò sí kílóríìnì tó ti rẹ̀ nínú omi yín. Tí píìnkì bá padà dé, kílóríìnì tó ti rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà padà kẹ́ ẹ lè mọ iye ẹ̀. Tó bá ju 0.5 lọ kò dáa mọ́.

Alkalinity náà, kíkà ni, láti gíríìnì sí pupa. Kálísíọ̀mù láti pupa sí búlúù. Nínú méjèèjì, tí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn ò bá yí àwọ̀ mọ́, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Stabilizer lọ́tọ̀ ni tiẹ̀. Ẹ ó po omi púùlù àti oògùn pọ̀ ní ọgbọọgba, ẹ jẹ́ kó dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ, omi á funfun bí ẹni da wàrà sí i, ẹ ó wá máa rọra dà á sínú túùbù kan tí àmì dúdú wà ní ìdí ẹ̀, ibi tí àmì yẹn bá ti pòórá mọ́ yín lójú lẹ máa kà. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí òjìji yín bo túùbù náà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ síbi ìbàdí, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ kàn wò ó fìrí. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́ á máa rí àmì tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ ìgbà tí kíìtì ń tàn yín

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba púùlù jẹ́ jù. Tí kílóríìnì bá pọ̀ kọjá ààlà, bíi kó ti ju 10 ppm lọ, DPD tẹ́ ẹ fi ń fi àwọ̀ wé lè má di píìnkì rárá, torí kílóríìnì yẹn á fọ àwọ̀ náà dànù bó ṣe ń fọ aṣọ. Ẹ ó wá rí omi aláìláwọ̀, ẹ ó ní há, kílóríìnì ti tán, ẹ ó tún da sí i. Àmì tó máa fi hàn yín ni pé ẹ ó rí píìnkì fìrí bí oògùn ṣe ń wọ omi, tó bá pòórá báyìí, ẹ fura. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ mú omi púùlù ìdá kan, kẹ́ ẹ fi omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba oru rẹ̀ padà di omi, ìdá mẹ́rin là á, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ wá fi márùn-ún sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀.

Kílóríìnì tó pọ̀ jù máa ń tan pH náà, àwọ̀ ẹ̀ á di elése àlùkò, á dà bíi pé pH ti gòkè gan-an, ẹ ó fẹ́ sáré da ásíìdì sí i. Ẹ má dà á. Ẹ jẹ́ kí kílóríìnì kọ́kọ́ wálẹ̀, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò.

Pépà ní tiẹ̀, ọ̀rinrin ọwọ́ ló ń pa á. Ìka tútù tẹ́ ẹ kì bọ inú ike ẹ̀ láti fa ẹyọ kan yọ ti ba èyí tó kù jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó da nǹkan kan

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí ò wúlò tẹ́ ẹ ò bá mọ iye lítà omi tó wà nínú púùlù yín. Ẹ fi gígùn sọ fífẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi jíjìn sọ ọ́ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ní mítà, ẹ wá fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di lítà. Tí ibì kan bá jẹ́ mítà 1 tí òdìkejì jẹ́ mítà 2, jíjìn ẹ̀ jẹ́ 1.5. Púùlù tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní 1.5, lítà 48,000 ló gbà. Láti gbé kílóríìnì ẹ̀ sókè ní 1 ppm, 48 giráàmù kílóríìnì pọ́nńbélé lẹ nílò. Àmọ́ kílóríìnì oníhóró tẹ́ ẹ ń rà kì í ṣe pọ́nńbélé, tí wọ́n bá kọ 65% sí i, á di bíi 74 giráàmù. Ẹ rí 1 ppm, ẹ fẹ́ 3, á jẹ́ bíi 148 giráàmù. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ife, kì í ṣe ọwọ́.

Tó bá jẹ́ kílóríìnì tó ti rẹ̀ ló pọ̀, ìlànà tí àwọn tó ń tọ́jú púùlù ń lò látayébáyé ni kẹ́ ẹ gbé kílóríìnì dé ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 0.8 lẹ rí, ẹ gbé e dé 8. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi yẹn títí á fi sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ ń dà á, ẹ kàn ń sọ èyí tó lágbára di èyí tó rẹ̀ ni.

Stabilizer ò ní oògùn tó rọrùn. Kì í fò lọ, oòrùn ò lè jẹ ẹ́, àfi kẹ́ ẹ da omi díẹ̀ nù kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Tó bá ti dé 90, ìdajì omi ló máa lọ kó tó padà di 45. Kílóríìnì oníbìrìkìtì tí wọ́n ń kọ trichlor sí ló ń gbé e gòkè láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, 10 ppm kílóríìnì tó bá ti ara ẹ̀ wá á mú stabilizer bíi 6 dání. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyí: ẹ má jẹ́ kí ásíìdì àti kílóríìnì fojú kan ara wọn lóde omi, gáàsì tó máa jáde lè pa èèyàn. Kódà kílóríìnì oníhóró àti oníbìrìkìtì, ẹ má pò wọ́n pọ̀, ẹ má lo ife kan náà fún wọn. Kẹ́míkà lẹ máa dà sínú omi, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi lé kẹ́míkà lórí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dà á, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó tún un yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tọ́jú kíìtì, ẹ sì máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀

Ibi tútù tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú yàrá pọ́ǹpù níbi tí ooru àti kẹ́míkà wà, kọ́wọ́ ọmọdé má sì tó o. Ìdérí ìgò kan ò gbọ́dọ̀ bá ìgò míì lọ. Oògùn kíìtì kan, ẹ má gbé e fún kíìtì míì tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é. Lọ́dọọdún, ẹ pààrọ̀ àwọn oògùn náà bí ò tiẹ̀ tíì tán. Omi tẹ́ ẹ fi ṣe àyẹ̀wò, ẹ dà á síta, ẹ má dà á padà sínú púùlù.

Kílóríìnì àti pH, ojoojúmọ́ nígbà táwọn èèyàn bá ń wẹ̀, àti lẹ́yìn òjò ńlá tàbí lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, alkalinity lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálísíọ̀mù lóṣooṣù.

Ẹ ní ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ déètì àti nọ́ńbà síbẹ̀. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀ lórí omi kan, ẹ yẹ kílóríìnì wò lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má da nǹkan kan sí i mọ́jú, ẹ pa ẹ̀rọ oníyọ̀ tẹ́ ẹ bá ní in, kẹ́ ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Oòrùn ò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wẹ̀, kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Tó bá fi lé ní 1 ppm dín kù, nǹkan alààyè kan wà nínú omi yẹn tó ń jẹ ẹ́ lóru, bó ti wù kó mọ́ gaara tó, ẹ má jẹ́ kọ́mọ kankan wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.